Họ́dà Gbádé Ògidì

Bí ẹ bá dé ìdíkọ̀ àwọn ọlọ́kadà lẹ́bàá réluwé l'Ọ́fà, tí ẹ bá ẹnìkan níbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn á fi wúkọ́, á ní, "Mò ń gbọ́ o. Ẹ máa bá a lọ, àna mi." Ẹ̀rín á sọ, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn á sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ gbólóhùn yìí kò mọ ibi tó ti wá. Ọ̀dọ̀ Gbádé Awókọ̀yà ló ti wá, ọlọ́kadà bíi tiwọn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ògidì. Olóògbé ti sùn báyìí, kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí àwọn onírọ́ tó fi tiwọn kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Gbádé gbé Mummy Tèmítọ́pẹ́ sẹ́yìn, ó ń gbé e lọ sí Pọ́lì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ará Oǹdó ni obìnrin náà, oníbàárà Gbádé sì ni láti ìgbà tó ti dé Ọ̀fà. Lórí hándù ọ̀kadà, họ́dà fóònù kan wà níbẹ̀ tó ń dán. Gbádé ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Àwọn ọlọ́kadà yòókù tó ní họ́dà, fóònù ńlá onígíláàsì ni wọ́n ń fi sínú tiwọn. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, tí bọ́tìnnì kún ojú rẹ̀, ni Gbádé fi sínú tirẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Mummy Tèmítọ́pẹ́ fi fa ọ̀rọ̀ yọ.

"Bàbá Tóyọ̀sí, mo gbọ́ pé ẹ ti gbà kí Tóyọ̀sí fẹ́ ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé yẹn. Ẹ kú oríire o."

Ó yẹ kí Gbádé dúpẹ́, kó sì dákẹ́. Àmọ́ ọ̀kadà rẹ̀ nìkan ló ní bíréèkì, ẹnu rẹ̀ kò ní.

"Ẹ ṣé, Mummy. Mo gbà lóòótọ́, ẹ̀rù ló ṣì ń bà mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ kì í tán láàárín àwa àti àwọn èèyàn wa ọ̀hún. Bí mo bá fún wọn lọ́mọ lónìí, ṣé kì í ṣe lọ́la ni wọ́n á ní ibi tí pálọ̀ mi parí sí ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀? Wọ́n á gbé awọnlẹ̀ wá kó wá wọn bẹ́ẹ̀dì mi."

Mummy Tèmítọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di èjìká rẹ̀ mú. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Gbádé. Ẹ̀rín èèyàn dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

"Bàbá ọmọ náà ńkọ́, Ògúngbèmí? Ó ní ọdẹ lòun, ó ní òun ti pa ẹfọ̀n rí. Mummy, mo wo ọwọ́ ọkùnrin yẹn dáadáa. Ọwọ́ yẹn ò tíì pa ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Ayédèrú ọdẹ ni. Bí mo bá rí ayédèrú, èmi Ògidì, mo máa ń mọ̀ ọ́n."

Wọ́n dé ibi tí títì ti gba orí irin réluwé kọjá, wọ́n bá agbo màlúù tó ń sọdá. Gbádé pa máṣíìnì kí epo má baà jó lásán. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ìgbà náà ni ohùn kan jáde láti inú họ́dà, ohùn pẹ̀lẹ́, bíi ti ẹni tó ti jókòó fẹ̀yìn ti ògiri láti ọjọ́ yìí.

"Mò ń gbọ́ o. Ẹ máa bá a lọ, àna mi."

Mummy Tèmítọ́pẹ́ ní òun kò rí i rí kí ọrùn èèyàn wọ inú èjìká lọ bẹ́ẹ̀. Gbádé wo fóònù, ó wo màlúù, ó tún wo fóònù. Orúkọ Ògúngbèmí wà lójú rẹ̀ gbàgàdà. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu kan họ́dà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn." Ṣùgbọ́n káàdì orí fóònù ti tán kó tó la ẹnu. Màlúù nìkan ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà.

Ohun tó fà á kò ju báyìí lọ. Họ́dà yẹn, ayédèrú ni. Àwọn ọwọ́ ike tó yẹ kó di fóònù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í dúró sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọ̀kadà bá ti bọ́ sí kòtò, ọ̀kan nínú wọn á fò sókè, á sì kan bọ́tìnnì ìpè. Ẹni tó bá lo irú fóònù bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí wọ́n pè gbẹ̀yìn ni fóònù yóò tún pè. Ògúngbèmí sì ni Gbádé pè gbẹ̀yìn. Láti ìdájí ló ti pè é kí wọ́n lè fẹnu kò sí ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Ó pè é ní àna àtàtà, ó ṣàdúrà fún un títí. Ó ti ra káàdì púpọ̀ sórí fóònù kí wọ́n má baà rò pé ahun ni bàbá ìyàwó. Káàdì púpọ̀ yẹn ló jẹ́ kí Ògúngbèmí gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá lè bi mí pé báwo ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Ògidì ṣe ra ayédèrú. Èmi náà bi í rí. Ó ní kí n máa bá tèmi lọ.

Gbádé gbà pé Ọlọ́run dá ojú òun láti fi mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Bí ẹ bá ra bàtà, á gbà á lọ́wọ́ yín, á gbóòórùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ aago, á gbé e sétí, á di ojú. Ohunkóhun tó bá ṣe é gé jẹ, á gé e jẹ. Á wá ní, "Ògidì ni," tàbí, "Ayédèrú ni," ẹjọ́ sì ti tán nìyẹn. Ó gé ike iná iwájú ọ̀kadà ẹnìkan jẹ lọ́jọ́ kan títí ó fi là sí méjì. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí? Ògidì kì í là." Ọkùnrin náà gun máṣíìnì tójú rẹ̀ là fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò sì bá Gbádé jà, torí pé òun náà gbà pé iná tó là kò lè jẹ́ ògidì.

Bó bá kan ọjà níná, ọlọ́jà ló máa ń bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ó lọ ná iṣu l'ọ́jà Òjòkú nígbà kan. Ó ná an títí ebi fi ń pa òun àti ìyá tó ń tà á. Ìyá náà sun ọ̀kan nínú àwọn iṣu náà, wọ́n jọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo. Gbádé nu ẹnu rẹ̀, ó ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, níwọ̀n ìgbà tí iṣu ti dín kan.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló tọ Rídwàn lọ l'ọ́jà Ọwọ́dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Rídwàn, wọ́n jọ dàgbà ni, ohun èlò fóònù ló ń tà. Gbádé ní òun fẹ́ họ́dà, torí pé àwọn àna tuntun ń bọ̀, òun fẹ́ kí wọ́n bá òun bí ẹni tó bá ayé mu. Rídwàn gbé méjì sórí tábìlì.

"Èyí ni ògidì," ó ní. "Irin ló wà nínú ẹ̀. Èyí kejì, ayédèrú ni, mi ò ní tàn ọ́."

Gbádé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rídwàn, ìgbà wo làwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́?"

"Ọ̀rẹ́ ni wá. Ayédèrú ni."

"Bó bá jẹ́ ayédèrú, kí ló dé tó o fi sọ fún mi?"

Gbádé gbé èkínní, ó gé e jẹ, eyín dùn ún. Ó gbé èkejì, ó gé e jẹ, ó rọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Èyí tó gba eyín yìí ni ògidì," ó ní. "Ohun tó dáa kì í bá èèyàn jà." Rídwàn ní òun ò tà á mọ́. Gbádé ní ẹ̀rí nìyẹn pé ó fẹ́ fi pamọ́ fún ará ilé rẹ̀. Nígbà tí agara dá Rídwàn, ó pe àwọn tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá jẹ́rìí pé òun ti sọ̀rọ̀, ó wá tà á fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Gbádé gbé họ́dà rẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀.

Gbogbo èyí tí mo ń sọ, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi sọ ọ́ nísinsìnyí. Kì í ṣe ẹ̀rín lọ́jọ́ náà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Olúṣẹ̀yẹ, ọmọ Ògúngbèmí tó fẹ́ fẹ́ Tóyọ̀sí, ti wá sílé Gbádé. Bíríkìlà ni, iyanrìn ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kò sì gbé ohùn sókè.

"Bàbá, bàbá mi ní kí n sọ fún yín pé mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ kò sí mọ́. Wọ́n ní ilé tí wọ́n ti ń pe àwọn ní ayédèrú, àwọn ò lè wá dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀."

Tóyọ̀sí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Òun nìkan ni Gbádé bí. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ bàbá rẹ̀ nítorí Olúṣẹ̀yẹ, ó bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ó fi àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́, kó tó di pé Gbádé gbà. Kò sunkún níṣojú wọn. Ó kàn wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò, ó wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà, Tóyọ̀sí kò ṣe àìgbọràn kankan. Ó ń kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, ó ń bu omi fún un. Ohun kan ṣoṣo tó dá dúró ni ẹ̀rín. Tẹ́lẹ̀, bí Gbádé bá ti ń jẹun, á máa sọ ohun tójú rẹ̀ rí lórí títì, Tóyọ̀sí á sì máa rẹ́rìn-ín títí á fi ní kó dákẹ́ kí òun má kú. Ní báyìí, Gbádé á sọ̀rọ̀, Tóyọ̀sí á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," á sì kó abọ́ lọ. Ó sàn lójú Gbádé kó lu òun ju èyí lọ.

Ìtìjú wá bá a gidigidi. Mummy Tèmítọ́pẹ́ ò ní í lọ́kàn láti tú u fó, àmọ́ ó ti sọ ọ́ fún ẹnìkan ní Pọ́lì, ẹni yẹn ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dé ìdíkọ̀. Bí Gbádé bá ti yọ, ẹnìkan á ní, "Mò ń gbọ́ o." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa fìlà bojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé ilé onílé kọjá, tó jẹ́ pé àwọn adìẹ ló kù tó ń pàdé. Ó sọ fún Ìyábọ̀, ìyàwó rẹ̀, pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ kú níbí," Ìyábọ̀ ní. "Ẹ jẹun yín."

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti di ẹ̀bi ru họ́dà. Ó gbé e padà tọ Rídwàn lọ, ó ní, "Wo ohun tí nǹkan tó o tà fún mi ṣe. Ó bú àna mi."

"Gbádé, họ́dà ò lẹ́nu."

Gbádé jókòó sórí àga Rídwàn. Ó ní, "Òótọ́ ni. Bá mi lọ bẹ ọkùnrin náà."

Rídwàn lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé. Ògúngbèmí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un lómi, ó fún un lágbàdo sísun, ó sì jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ títí tó fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níkùn rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ẹnu Gbádé ni mo ti gbọ́ èkínní. Ẹnu Gbádé náà ni kí n ti gbọ́ èkejì."

Ẹnu Gbádé ló wá di ìṣòro. Ẹnu tó ń ṣàn bí odò tẹ́lẹ̀ gbẹ. Ó pe Ògúngbèmí lórí fóònù, kò lọ. Ó tún un pè, wọn ò gbé e. Ìgbà tí kò pè é ló lọ, ìgbà tó wá ń pè é, fóònù kọ̀. Ọgbọ́n kan wá sọ sí i lọ́kàn. Ó gbé fóònù padà sínú họ́dà, ó gbéra, ó sì ń wá kòtò kiri Ọ̀fà. Bó bá ti rí èyí tó jìn, á kó sí i, á sì pariwo pé, "Ògúngbèmí yẹn, ọdẹ tòótọ́ ni. Ọkùnrin tó pa ẹfọ̀n. Àna tó ṣe é mú yangàn." Ó fẹ́ kí họ́dà tún pe ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, kó gbọ́ rere bó ṣe gbọ́ búburú. Àwọn èèyàn dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Wọ́n rò pé ìtìjú ti yí i lórí.

Níkẹyìn, ohùn kan jáde láti inú họ́dà. Gbádé tẹ bíréèkì, inú rẹ̀ dùn, ó gbé etí sí i.

"Gbádé, èmi Rídwàn ni o," ni ohùn náà wí. "Ta ló pa ẹfọ̀n?"

Ó ti gbàgbé pé nígbà tí Ògúngbèmí ò gbé fóònù, Rídwàn lòun pè gbẹ̀yìn láti ròyìn fún un.

Ìyábọ̀ ló fòpin sí ìrìnkèrindò yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ró aṣọ tó dáa, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ní, "Ẹ gbé mi lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé."

"Láti lọ ṣe kí ni?"

"Ẹyin lohùn. Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ yín, ó ti fọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ kó èèpo rẹ̀."

Ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé kò jìn. Gbádé fi gbogbo rẹ̀ to ọ̀rọ̀ tó máa sọ, ó tò ó dáadáa, ó fi òwe sí i. Nígbà tí wọ́n dé, Ògúngbèmí àti Ọ̀ṣúnwùmí, ìyàwó rẹ̀, jókòó síwájú ilé, wọ́n ń yin àgbàdo sínú ọpọ́n, àwọn aládùúgbò sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ògúngbèmí gbójú sókè, ó wò wọ́n. Gbogbo ohun tí Gbádé tò fò lọ. Ó gbé ọ̀kadà dúró, ó ṣí fìlà, ó sì nà gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fọmọ fúnni ló ń jókòó, ẹni tó ń tọrọ ọmọ ló ń dọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbéyàwó nílẹ̀ yìí, ta ló rí bàbá ìyàwó tó dojú bolẹ̀ fún bàbá ọkọ? Àwọn aládùúgbò dìde dúró. Ìpayà mú Ògúngbèmí, ó fò sókè débi tí ọpọ́n fi dà nù, ó sì sáré dọ̀bálẹ̀ tirẹ̀ náà, orí rẹ̀ kọjú sí orí Gbádé. Àwọn adìẹ ṣùrù bo àgbàdo.

"Ẹ dìde, àna mi. Ẹ fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo gba ìdọ̀bálẹ̀ bàbá ìyàwó ni?"

"Mi ò lè dìde, sà. Ojú ń tì mí."

"Bí ẹ ò bá dìde, èmi náà ò ní dìde. Èèwọ̀ ni."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀."

"Ẹ ṣẹ̀ lóòótọ́. Ẹ dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde. Ìyábọ̀ àti Ọ̀ṣúnwùmí wojú ara wọn. Wọn ò gbọ́ èyí tí àwọn ọkùnrin náà sọ lẹ́yìn ìyẹn, torí pé wọ́n ti rẹ ohùn sílẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n láti ilẹ̀. Ikùn Gbádé ń gbọ̀n nínú iyẹ̀pẹ̀, èjìká Ògúngbèmí ń fò, omi sì ń dà lójú àwọn méjèèjì. Àwọn ìyàwó wọn ló wá fà wọ́n lápá, Ìyábọ̀ fa tirẹ̀, Ọ̀ṣúnwùmí fa tirẹ̀, wọ́n gbé wọn nílẹ̀ bí ẹni gbé àpò gàrí.

Ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Gbádé ní Ògúngbèmí ló kọ́kọ́ dìde. Ògúngbèmí ní irọ́ ni, orúnkún Gbádé ló kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n nínú ìjàkadì tiwọn yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀ ni wọ́n dá. Wọ́n bi Ìyábọ̀, ó ní òun ò wò. Wọ́n bi Ọ̀ṣúnwùmí, ó ní àgbàdo òun lòun ń wò. Títí tí Gbádé fi kú, wọn ò pàdé kí wọ́n má fa ọ̀rọ̀ náà.

Mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ wáyé, ìdána sì tẹ̀ lé e. Ògúngbèmí àti àwọn ẹbí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ. Nígbà tí wọ́n gbé ẹrù ìyàwó kalẹ̀, igbá kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ògúngbèmí ní kí bàbá ìyàwó ṣí i fúnra rẹ̀. Gbádé ṣí i, ó bá tépù tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀.

"Àna mi," Ògúngbèmí ní, "ẹ wọn bẹ́ẹ̀dì yín kí a tó mú ọmọ lọ, kó má baà di ẹjọ́ lọ́la."

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Gbádé wo ẹ̀yìn, ó ń wá ojú kan ṣoṣo. Tóyọ̀sí ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ikùn mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́ kí òun má kú. Gbádé mú tépù náà, ó fi nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé aṣọ ìnujú ni. Kò mọ̀ pé tépù ló wà lọ́wọ́ òun.

A rò pé yóò yọ họ́dà yẹn dànù. Kò yọ ọ́. Kò fi fóònù sínú rẹ̀ mọ́; pákò tó fi ń rin ẹnu ló ń kì bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bi í ní ìdí rẹ̀, kò sọ fún mi pé kí n máa bá tèmi lọ. Ó ní, "Ibi tí mo ti tẹ́ nìyí. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnìkan lẹ́yìn, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó." Lóòótọ́, bó bá ti gbé èèyàn sẹ́yìn, tí ẹni yẹn ń ṣòfófó, ẹ ó rí Gbádé tó ń wo họ́dà, tí kò ní fèsì. Àwọn oníbàárà kan tilẹ̀ fi í sílẹ̀ torí pé ó ti di ẹni tí kò dùn-ún gùn.

Kò torí ìyẹn di ẹni mímọ́ o. Ó ṣì ń gé ohun olóhun jẹ títí dọ́jọ́ tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí wọ́n gbé oògùn fún un, ó gé hóró kan sí méjì, ó wò ó, ó ní ayédèrú ni. Ìyábọ̀ ní kó gbé e mì. Ó gbé e mì. Àìsàn náà kò sì fi í sílẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló kú. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín sínú ọgbà ilé rẹ̀. Ògúngbèmí, tó jẹ́ Ògún ló ń bọ, dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún pẹ̀lú Ọ̀ṣúnwùmí títí àwọn àlùfáà fi ṣe tiwọn tán. Ọ̀kadà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pákò ṣì wà nínú họ́dà. Nígbà tí àwọn èèyàn fẹ́ máa túká, Ògúngbèmí bọ́ síwájú. Ó ti darúgbó. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó rọra tẹ̀, ó nà gbalaja síwájú ibojì, orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí orí Gbádé wà.

A dúró. Olúṣẹ̀yẹ fẹ́ lọ gbé bàbá rẹ̀ dìde, Tóyọ̀sí dì í lọ́wọ́ mú. Ògúngbèmí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀, gbogbo wa sì gbọ́ ọ.

"Lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì wà nílẹ̀, mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ló gbà pé ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo ń pa. Ó ní òun ò mọ ohun tí mo ń pa, òun ò bá mi dé oko rí, ẹ̀rín obìnrin tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà ni òun fi mí rà. Ó ní ọmọ òun ò bá òun rẹ́rìn-ín mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bá sọ òótọ́ fún un. Mo ní kì í ṣe ẹfọ̀n ni mo pa. Ẹtu ni. Ẹtu kékeré. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọ̀ṣúnwùmí, tó ti ń fi ẹfọ̀n náà kí ọkọ rẹ̀ láti ìgbà èwe, la ẹnu sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúró," Ògúngbèmí ní. "Mo rò pé á dé ìdíkọ̀, á sọ ọ́. Irú ẹnu yẹn, irú ọ̀rọ̀ adùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti rẹ́rìn-ín l'Ọ́fà, mo máa ń rò pé ẹtu mi ni. Ẹ̀yin tó wà níbí, ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí?"

A wo ara wa. Rídwàn mi orí. Ìyábọ̀ alára mi orí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ọ.

"Mo mọ ojúlówó bí mo bá rí i," Ògúngbèmí ní.

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ó dìde fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára, ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ibi tí Gbádé dùbúlẹ̀ sí, bí ẹni pé ó ṣì fún un láyè kó dìde.

"Ó dáa," ó ní. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde."

Tóyọ̀sí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bàbá rẹ̀, ó ní kó dákẹ́, kí òun má kú.